Gíláàsì ojú ìlẹ̀kùn

Nínú gbogbo ohun tí a dá sílẹ̀ ní páríìṣì wa láti dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìṣekúṣe, gíláàsì ojú ìlẹ̀kùn ló fa wàhálà jù. Ìwé tí a ní kí gbogbo olùkọ́ fọwọ́ sí ò fa ìjà. Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ lẹ́yìn Míísà ò fa ìjà. Àmọ́ nígbà tí a pe káfíńtà pé kó gé ojú ìlẹ̀kùn kíláàsì katikísìmù, ti yàrá tí àwọn akọrin ti ń ṣe ìdánrawò, àti ti yàrá kékeré tí àwọn ọmọ pẹpẹ ti ń wọṣọ, kó fi gíláàsì tó mọ́ gaara sí i kí ẹni tó ń kọjá lè máa rí inú ilé, ariwo ta. Káfíńtà ò tíì palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ fi dé ọ̀dọ̀ mi.

"Mámà Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti wá sọ gbogbo wa di ọ̀daràn nìyẹn?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin nìkan kọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, Fáda náà wà níbẹ̀."

Kò dá mi lóhùn. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra fún Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ láti ìgbà tí orí mi ò tíì hewú. Abẹ́ Dáyósíìsì Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 ni a wà. Páríìṣì wa ò tóbi. A mọ ilé ara wa, a mọ ìyá ẹni tó bí ẹni, a mọ ẹni tó ṣì jẹ gbèsè ìkórè èṣín. Mímọ̀ tí a mọ ara wa yìí ni gbogbo ènìyàn gbójú lé. Wọ́n á ní, "Ta ni yóò wá ṣe irú ẹ̀ láàárín wa níbí?"

Ohun tí iṣẹ́ mi fi hàn mí yàtọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá bá wa, tí ẹnìkan ti bá ṣèṣekúṣe, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ àjèjì ló ṣe é. Ará ilé ni, àbúrò bàbá ni, tíṣà tó ń wá kọ́ ọ nílé ni, ẹni tí ìyá ọmọ ti ń kí pé "ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á san án fún yín" ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ níbi kì í bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ. Ara àwa àgbà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ̀ ọ́n sí ọmọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé mímọ ènìyàn tó ààbò. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Ta ló ń gbé ọmọ relé? Ìlẹ̀kùn wo ló ń tì látinú? Àwọn ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nìyẹn, ká fi ti ìwà rere ènìyàn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ní 2019 ni Fáda wa pe àwa mélòó kan jọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Lóṣù kejì ọdún yẹn, Póòpù Francis ti pe àwọn olórí bíṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé sí Róòmù nítorí rẹ̀. Sístà Veronica Openibo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Society of the Holy Child Jesus nígbà náà, wà lára àwọn tó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé òṣì, àìsàn àti ogun tó ń bá apá tiwa láyé fínra ò tó àwáwí láti fojú kéré ìṣekúṣe tí wọ́n ń bá ọmọdé ṣe. Inú mi dùn pé ẹnu ọmọ tiwa ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde, torí ohun tí mò ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé àìsàn òyìnbó ni, kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ireland lọ gbọ́ tara wọn.

Lóṣù karùn-ún, Póòpù gbé òfin kan jáde tí wọ́n ń pè ní Vos estis lux mundi, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Àlùfáà tàbí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ (bíi àwọn sístà tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́) tó bá gbọ́ pé àlùfáà tàbí ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọmọ níbi, tàbí tó ní ìdí gidi láti fura, ó di dandan kó sọ fún bíṣọ́ọ̀bù. Dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà gbangba tí ẹnikẹ́ni lè gbà mú ẹjọ́ wá. Wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tó sọ ọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ní kó pa ẹnu mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó tún ṣí òfin àṣírí tó bo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Róòmù. Ní 2023 ni Vos estis náà di èyí tó dúró pátápátá, nítorí fún ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà àti ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni ìyẹn dojú kọ jù. Ní páríìṣì bíi tiwa, àwọn tó ń wà pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́ ni akọrin, olùkọ́, ẹni tó ń darí àwọn ọmọ pẹpẹ, aṣọ́gbà. Fún àwọn wọ̀nyí, òfin ìjọba wà nílẹ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òfin 2003 yẹn sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì lè ní òun ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí pé ọmọ gbà fún òun. Nígbà tí Fáda ka èyí sétí wa, ọ̀kan nínú wa ní, "Gbére kẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, gbére.

Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ọmọ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín àwọn akọrin. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó máa ń tètè dé, ó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an. Tí ìdánrawò bá parí tí ilẹ̀ ti ń ṣú, òun ló máa ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Àwọn ìyá ń wúre fún un. Bó ṣe ń gbé wọn, ó ti to ọ̀nà rẹ̀ débi pé ọmọ kan náà ló ń gbẹ̀yìn lórí ọ̀kadà. Ó ń ra bísíkíìtì fún un, ó ra bàtà, ó ń yá a ní fóònù láti fi wo fíìmù. Ó wá ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀, torí àwọn ọmọ yòókù á máa jowú. Bísíkíìtì ò ṣe nǹkan kan, bàtà ò ṣe nǹkan kan. Níbi tí àgbà ti ń bá ọmọ pa àṣírí mọ́ fún ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ara ti fu yín.

Ọjọ́ tí mo mọ̀, òfin mẹ́wàá là ń kà ní kíláàsì. A dé ìkẹrin, bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ, mo ń ṣàlàyé pé olùkọ́ wà nínú rẹ̀, àgbà àdúgbò wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà nàwọ́.

"Mámà, tí àgbà bá ní kí n ṣe nǹkan tí mo bá kọ̀, ṣé màá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dá lórí ohun tó bá ní kó ṣe, mo sì ń bá kíláàsì lọ. Nígbà tí a jáde, mo ní kó bá mi gbé ìwé, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi máńgòrò níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wa ṣùgbọ́n tí wọn ò lè gbọ́ wa. Mo bi í pé kí ni àgbà ní kó ṣe. Ó ń fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ máa jókòó síwájú ọ̀kadà mọ́.

Èyí tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, tèmi àti ti ọlọ́pàá àti ti dókítà ni.

Mo mọ ohun tí ẹnu àgbà máa ń sáré sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀: "Kí ló dé tí o ò pariwo? Kí ló dé tí o ò ti sọ tẹ́lẹ̀? Ṣé ó dá ọ lójú?" Bí ọmọ bá gbọ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, yóò padé. Mo ní mo gbọ́, ó ṣe dáadáa bó ṣe sọ fún mi, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún un, àmọ́ àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún. Mi ò tún tú u wò, mi ò bi í ní ìbéèrè tó ń fi èsì sí i lẹ́nu. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú èdè tirẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ páríìṣì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Ẹ pe ọmọ náà wá, kó wá sọ ọ́ lójú ẹ̀." Bí a ṣe ń parí ọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa nìyẹn, mi ò sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Tí orogún méjì bá ń jà, tàbí tí àwọn kan bá ń fa ilẹ̀, ó dáa kí oníkálukú sọ tẹnu rẹ̀ lójú ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 11, níwájú àwọn bàbá tó dé fìlà, kí ẹni tó ń bà á lẹ́rù tún jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan? Yóò kúnlẹ̀, yóò ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, wọn yóò sì tú ká pé irọ́ ló pa. Mo ní ọmọ náà ò ní wá. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó tún máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ọ. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ tì mí lẹ́yìn, obìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó kàn ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Fáda ò fi falẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá dùùrù lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ní kó má ṣe débi tí ọmọdé wà mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, ó kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ìyá ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹ́fíà, láti ibẹ̀ a gba tẹ́ṣàn lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹbí ọkùnrin náà ti dé ilé ìyá ọmọ pẹ̀lú ọtí àti owó, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Tí ayé bá gbọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ lọ́la?" Owó ò mú obìnrin náà, àmọ́ gbólóhùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un. Mo bi í pé àṣírí ta ni wọ́n fẹ́ kó bò. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí wọ́n gbé ọtí wọn.

Ó jìyà rẹ̀ o. Àwọn kan ò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ní òun ló kó ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹjọ́ náà ń falẹ̀, wọ́n ń sún un síwájú. Ọmọ náà ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó ṣì ń kọrin, ṣùgbọ́n kì í gun ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu nọ́ọ̀sì sọ èyí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bá ọmọ lò pọ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó máa wù yín tó. Ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, torí náílọ̀n máa ń mú kó bu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, irú èyí tí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ́ ní ní Ṣàgámù. Oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV ráàyè wọlé wà, wákàtí 72 ò sì gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọjọ́ 28 ni yóò fi lò ó. Ti ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 5. Gbogbo àkókò tí àwọn ẹbí fi ń ṣèpàdé, inú wákàtí yẹn ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Ìbéèrè tí ọmọ náà bi mí nípa ìjẹ́wọ́ ò kúrò lọ́kàn mi, ó sì ti yí bí mo ṣe ń kọ́ wọn padà. Ohun tí àlùfáà bá gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò lè sọ ọ́ síta láéláé, òfin 2019 náà ò sì yí ìyẹn padà. Ó túmọ̀ sí pé tí ọmọ bá sọ ọ́ níbẹ̀ nìkan, kò tíì sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀. Fáda lè rọ̀ ọ́ pé kó lọ sọ fún ẹlòmíràn, ó mọ síbẹ̀. Nítorí náà mo ń sọ fún wọn ní kedere pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń jẹ́wọ́. Ohun tí ẹlòmíràn fi ipá ṣe sí wọn, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kọ́, kí wọ́n wá sọ ọ́ níta fún àgbà tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Tí àgbà yẹn bá ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n wá òmíràn lọ. Ìjẹ́wọ́ àwọn ọmọ pàápàá ti kúrò ní kọ̀rọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni, níbi tí ojú ti lè tó wọn tí etí ò lè tó wọn.

Mo tún ń kọ́ wọn láti kọ̀. Ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún àgbà. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ya pòkíì. A máa ń fi ṣeré ní kíláàsì. Èmi á dà bí ẹni tó ń pè wọ́n wọ yàrá, wọ́n á kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò lè wá. Mò ń lọ sọ́dọ̀ màámi." Wọ́n á dìde, wọ́n á sáré. Wọ́n fẹ́ràn ibi eré sísá yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá kan ní mò ń ba ọmọ òun jẹ́, pé ó ti fi í kọ̀ láti lọ ra gààrí. Èmi àti òun jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ohun tó jẹ́ kí ẹnu àwọn bàbá rọlẹ̀ lórí gíláàsì yẹn ni pé Fáda kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sábẹ́ òfin. Ó kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ pé kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ gun òkè ilé òun, ọmọ pẹpẹ tí òun bá rán níṣẹ́, àwọn méjì ni yóò jọ wá, pálọ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni wọ́n sì máa dúró. Kò sí olùkọ́ tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láìjẹ́ pé òbí wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbé ọmọ ọlọ́mọ relé mọ́. Òbí tí kò bá rí ààyè wá mú tirẹ̀, kó fi ẹni tó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa rán. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, ta ló fẹ́ sọ pé òun ju Fáda lọ?

Àmọ́ èyí tó le jù ní ìlú tiwa, ìkórè ló ń gbé e dé. Ẹ mọ̀ wá, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ wa tó rí já jẹ ní Èkó máa ń wá sílé fún ìkórè, wọ́n á ná owó, wọ́n á gba àwo orúkọ lára bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀kan á rí ọmọ pẹpẹ tó mọ́ra, tí ìyá rẹ̀ ò rọ́wọ́ mú, á ní òun fẹ́ mú un lọ sí Èkó, òun á rán an níléèwé. Á ní kí Fáda bá òun sọ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe é tọkàntọkàn, mo mọ ẹni tó di dókítà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ èyí tó sá padà wálé lóru tí kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé páríìṣì ò ní fi ẹnu sí i, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ì báà jẹ́ lẹ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ rán ọmọ níléèwé, kó san owó iléèwé rẹ̀ níbí, kí ọmọ máa gbé ilé ìyá rẹ̀. Olówó kan bínú, kò sì wá sí ìkórè tó tẹ̀lé e. Akápò ìjọ ṣì ń dárúkọ rẹ̀ sí mi létí títí dòní.

Wọ́n máa ń bi mí pé tí wọ́n bá parọ́ mọ́ aláìṣẹ̀ ńkọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ nínú yàrá tí gbogbo ènìyàn ń rí, ó ní ẹlẹ́rìí tó pọ̀. Ẹni tó ti ìlẹ̀kùn ló máa wá ẹlẹ́rìí tì.

Ìṣọ́ òru ló kù tí a ò tíì rẹ́ lé lórí. Àwọn ọmọ máa ń sùn sórí ẹní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àwọn òbí wọn ń gbàdúrà níwájú. Mo ní kí ìyá méjì máa jókòó tì wọ́n lójúfò, kí wọ́n máa gba ipò ara wọn, kí iná má kú níbẹ̀. Àwọn ìyá ti gbà. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń bá mi fà, wọ́n ní láti aago kan òru, àbẹ́là ti tó. Mo ti sọ fún wọn pé lóru tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀, èmi fúnra mi á jí àwọn ọmọ, á kó wọn lọ síwájú lọ́dọ̀ ìyá wọn, wọn ì báà máa hanrun sínú àdúrà.